Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níwájú oní-súṣì ní Japan, ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́ Tokyo: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Súṣì, ìrẹsì tí wọ́n gbé ẹja lé lórí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mọ níwájú ẹni ló lóun fẹ́ jẹ, kì í ṣe èyí tó ń yípo lórí bẹ́líìtì. Èmi ò tíì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kí lojú yín rí níbẹ̀?

Bàbá Yokohama: Ojú mi rí owó. 22,000 yen. Omakase ni, ohun tó bá wu alásè ló máa gbé fún ẹ. Mo délé, mo tẹ ẹ̀bà.

Ọmọ Ṣakí: Ẹ̀bà kẹ̀, Bàbá! 😂

Táyé Osaka: Èmi ò lè gbàgbé tèmi láéláé. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ìyá mi àgbà lu ọwọ́ yìí, tíṣà lù ú, wọ́n fi ata pa á. Dòní olónìí, bí mo bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, àyà mi á kọ́kọ́ já. Àga mẹ́jọ péré ló wà nílé oúnjẹ náà, bàbá arúgbó kan ló dúró lẹ́yìn pákó. Ó fún mi ní aṣọ ìnuwọ́ tó gbóná. Ó mọ ti àkọ́kọ́, bí ọwọ́ ọ̀tún yóò ṣe mú un ló gbé e kalẹ̀. Mo gbàgbé ara mi, mo fi òsì mú un. Kò sọ nǹkan kan, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó wá mọ èkejì, bí ọwọ́ òsì yóò ṣe mú un ló gbé e kalẹ̀, ó sì rọra sún atalẹ̀ mi sápá òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí a fi parí. Aṣọ ìnuwọ́ yẹn ni mo fi nu ojú mi. Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà náà.

Ìyá Ìbejì: Táyé, o pa mí lẹ́kún. Kẹ́hìndé mi ọlọ́wọ́ òsì ni, àná ni mo gbá a lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ.

Ọmọ Ṣakí: Ẹ má bínú, mi ò gbà. Abọ́ kan náà ni gbogbo ilé jọ ń tọwọ́ bọ̀ láyé ọjọ́un, gbogbo wa la sì mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì ń ṣe. Àwọn bàbá wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Táyé Osaka: Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n wọn ò lù yín.

Bàbá Yokohama: Kí ọmọ náà fọwọ́ jẹ ẹ́ o, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Láyé tí wọ́n ṣì ń pe Tokyo ní Edo, nígbà Hanaya Yohei, alásè súṣì kan, ní àwọn ọdún 1820, oúnjẹ ẹni tó ń kánjú ni. Ẹja ni kó tọ́ sínú shoyu, omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ yẹn, kó má ti ìrẹsì bọ̀ ọ́, á tú. Kó má sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, ìrẹsì yẹn ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Abẹ́kẹ́: Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹja ọ̀hún? Kòkòrò inú ẹ̀ ńkọ́?

Ẹlẹ́ja Toyosu: Ọjà ẹja ni mo ti ń ṣiṣẹ́, látìgbà tí wọ́n ti kó wa kúrò ní Tsukiji lọ́dún 2018. Ọ̀pọ̀ tuna tó ń wọlé ló ti gan pa nínú yìnyín, òtútù tó ń pa kòkòrò. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni tútù: kohada, ẹja kékeré kan, iyọ̀ àti fínígà ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀; anago, sísè ni.

Ọmọ Ìpókíá: Ẹ dúró ná. Kí lẹ pè é?

Ẹlẹ́ja Toyosu: Anago. Ẹja òkun kan tó gùn bí ejò.

Ọmọ Ìpókíá: Ànàgó ni mí tìyá tìbàbá, ẹbí wa wà títí dé Ìṣakẹ́tẹ́. A ò gbọ́ pé wọ́n ń jẹ wá ní Tokyo! 😂

Abẹ́kẹ́: 😂😂 Wasabi ńkọ́, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń ta yẹn, ó ta bí ata rodo?

Ẹlẹ́ja Toyosu: Imú ló ń gbà lọ. Rodo ń jókòó sẹ́nu, òun kì í pẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Ṣakí, láti òní lọ, Kẹ́hìndé á máa fi òsì mú ṣíbí nílé mi.

Ọmọ Ṣakí: Ṣíbí ò burú, ìyá. Àmàlà ni mò ń sọ.

Àdùkẹ́ Tokyo: Mo dúpẹ́ o. Ṣé ó lè fín lọ́fínńdà lọ? Ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Bàbá Yokohama: Rárá! Kó fi sílẹ̀ sílé. Òórùn ẹ̀ á bo ti ẹja mọ́lẹ̀, fún òun àti ẹni tó jókòó tì í.