“Ìtò aláìsàn” kọ́, “ìṣàtọ́jú” ni

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá “ìtò aláìsàn” fún ètò tí àwọn dókítà ń pè ní triage (ìyẹn yíyẹ àwọn aláìsàn wò bí wọ́n bá ṣe ń dé, kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù lè kọ́kọ́ rí ìtọ́jú) ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè tún ilé ìwòsàn ìgboro ṣe tí ìtọ́jú á fi sunwọ̀n bí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá ṣì dàrú. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Létí ọmọ Rẹ́mọ bíi tèmi, ẹni tí wọ́n bá ní kó tò, orí ìlà ló ń lọ, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Ohun tí ètò yìí wá fòpin sí gan-an nìyẹn. Mo ti jókòó rí ti àbúrò ìyá mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹni tó kàn wá gba èsì àyẹ̀wò sì wọlé ṣáájú wa, nítorí pé nọ́ńbà tiẹ̀ ló ṣáájú.

Nínú ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Cape Town ní 2004, tó ti tàn ká Gúúsù Áfíríkà, nọ́ọ̀sì yóò ka èémí àti ìlùkìkì ọkàn, yóò sì fún aláìsàn ní àwọ̀: ẹni tó gba pupa kò gbọdọ̀ dúró rárá, ẹni tó gba àwọ̀ ọsàn kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 10, ẹni tó gba àwọ̀ ewé sì lè dúró tó wákàtí 4.

“Ṣíṣà” ni ìtumọ̀ triage lédè Faransé; irun àgùntàn àti kọfí ni wọ́n ń lò ó fún kó tó kan aláìsàn. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń ṣe sí obì gbànja ní Ṣágámù náà nìyẹn: ẹni tó ń ṣa obì kì í bèèrè èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sínú agbọ̀n, ara obì kọ̀ọ̀kan ló ń wò.

Ẹnìkan lè sọ pé obì tí kòkòrò bá ti jẹ, jíjù ni wọ́n ń jù ú nù. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi dúró lórí “ìṣà” nìkan. “Ìṣàtọ́jú” ni mo dábàá, bí a ṣe ní “ìṣàkójọ”, kí ó lè hàn pé kò sí ẹni tí a ṣà tí a kò ní tọ́jú. Ẹni tí yóò bá kọ ọ́ sára pátákó ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ gbàgbé àmì ohùn, torí àdá ni wọ́n fi ń ṣá nǹkan.