Ṣé kí n já páálí tọ́ì yìí fọ́mọ, àbí kí n tọ́jú ẹ̀ kó pawó?

Baba_Fadeke
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí èmi àtọmọ mi má baà jà. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá mo lọ sí car boot sale kan, ọjà àlòkù tí wọ́n ń tà látinú bùútù mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Leicester níbí, òjò ti ń kán, kálukú ti ń palẹ̀ mọ́, bàbá òyìnbó kan bá ní kí n kó gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú báàgì òun ní £25, mo ná an, ó gba £20. Ìgbà tí mo délé ni mo tó tú u wò. Lego kékeré kan wà ńbẹ̀ tẹ́nì kankan ò ṣí rí. Èkejì ni ọmọláńgidi ike kan, ti fíìmù Star Wars, èyí tójú ẹ̀ dà bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ní àáké, Gamorrean Guard ni wọ́n kọ sí i, ó ṣì wà lára páálí ẹ̀. Ike gaara tó bò ó ti pọ́n bí òróró ẹ̀pà. Orúkọ fíìmù yẹn wà lára ẹ̀ ní èdè mẹ́ta, sítíkà owó ṣọ́ọ̀bù sì ṣì wà lókè ẹ̀, owó tí ò lè wọ bọ́ọ̀sì láyé ìsinsìnyí.

Fádékẹ́ mi, ọmọ ọdún méje, ti rí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn o. Àtìgbà yẹn ló ti ń bi mí pé ìgbà wo ló máa jáde. Ìyá ẹ̀ náà ní ta ló ń ra ohun ìṣeré tí wọn ò ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa rí fótò ẹ̀ lórí fóònù mi, ló bá kígbe pé má jà á o, tó o bá ti já a ó ti di loose nìyẹn, owó ẹ̀ ti lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Páálí lásán? Ṣebí ohun kan náà ló wà nínú ẹ̀. Tí mo bá wá fi bíléèdì là á lábẹ́ jẹ́jẹ́, tọ́mọ ṣeré díẹ̀, tí mo dá a padà síbẹ̀ tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Alajapa_Manchester
Bàbá Fádékẹ́, ẹ dákun ẹ gbé bíléèdì yẹn sílẹ̀ ná 😂😂

Òótọ́ lẹni yẹn sọ, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ẹlẹ́dẹ̀ yín yẹn, ilé iṣẹ́ Kenner ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1983, níbí ní Britain Palitoy ló ń tà á, Coalville ni wọ́n wà, ibẹ̀ ò jìnnà sọ́dọ̀ yín rárá. Páálí elédè mẹ́ta yẹn, tri-logo là ń pè é. Òun fúnra ẹ̀ tó bá jẹ́ loose, tí àáké ẹ̀ wà níbẹ̀, £10, £12 ni mo máa ń tà á, torí wọ́n ṣe é rẹpẹtẹ. Tí àáké bá ti sọnù, ẹ dúpẹ́ tẹ́ ẹ bá rí £4. Èyí tó wà lára páálí tó mọ́, mo ta ọ̀kan lọ́dún tó kọjá ní £95. Òmíràn tí páálí ẹ̀ ti ká létí, tí ike ẹ̀ pọ́n bíi tiyín, £55 ló lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ṣíṣí àbí àìṣí nìkan là ń wò. Igun páálí, bóyá ike ti tẹ̀ wọnú, bóyá ihò tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ti lu tàbí kò tíì lu, àwọn tó ń ra nǹkan yìí máa ń fi gíláàsì wò ó. Àwọn AFA ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fún un ní máàkì bí olùkọ́, wọ́n á wá tì í mọ́nú àpótí ike.

Ohun tó fà á ni pé ọmọ ìgbà yẹn ò ka páálí sí nǹkan kan. Inú mọ́tò ni wọ́n ti ń fà á ya kí wọ́n tó délé. Nígbà tí fíìmù àkọ́kọ́ jáde ní 1977, Kenner ò rí tọ́ì ṣe tán di Kérésìmesì, ẹ mọ ohun tí wọ́n tà fáwọn òbí? Ẹ̀nfílóòpù! Ìwé wà nínú ẹ̀ pé kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ọmọláńgidi mẹ́rin á wá bá yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ tó fi bébà ṣe Kérésìmesì, tó wá rí tọ́ì ẹ̀ gbà ní 1978, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó má ṣí i? Torí ẹ̀ lèyí tí wọn ò ṣí fi ṣọ̀wọ́n. Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n tún gbé jáde ní 1995, àgbà ti gbọ́n nígbà yẹn, wọ́n ń rà á ní méjì méjì, ọ̀kan fún ṣíṣí ọ̀kan fún àjà, páálí wọn ṣì ń dán dòní, mo ní odidi báàgì wọn nílé mi ẹni tó máa fi £5 rà á ni mò ń wá. Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló tọ́jú tiẹ̀, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ ta?

Boba Fett kan, ọmọláńgidi Star Wars míì, tún wà tó yẹ kó máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, Kenner pa á tì torí wọ́n ń bẹ̀rù pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun. Kò wọ páálí rí láyé ẹ̀, ìwọ̀nba èyí tí wọ́n fi dánra wò ló kù. Ọ̀kan nínú wọn lọ ní $525,000 ní Heritage Auctions ní 2024. Òun lásán o, ìhòòhò.

Ní ti gọ́ọ̀mù, ẹ má dán an wò. Ilé iṣẹ́ fi ooru lẹ ike yẹn mọ́ páálí ni, tẹ́ ẹ bá ti fà á, bébà á bá a lọ, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa bo ìyẹn. Ẹ tiẹ̀ gbé e sábẹ́ iná kẹ́ ẹ wo etí ike yẹn yíká fún mi. Sítíkà owó yẹn náà, ẹ má yọ ọ́ o, ẹ̀ ń fi yíyọ ẹ̀ ba páálí jẹ́ ni.

IyaKemi_Houston
Ẹ̀gbọ́n Alájàpá ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé nǹkan tó wà nínú páálí kì í bàjẹ́ o. Barbie lèmi ń rà, ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn Barbie àtijọ́ tí wọ́n fi yẹtí sí létí, irin yẹtí yẹn máa ń dógùn-ún, ó máa ń ta sára ike, etí ọmọláńgidi á wá di àwọ̀ ewé, á máa tàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti ṣí tiẹ̀ á yọ yẹtí náà kúrò kó tó ràn. Ẹni tí ò fẹ́ ṣí i, ẹ̀yìn ọ̀rá ló máa dúró sí tí yóò máa wò ó. Àbúrò mi tó ń ra Transformers, tọ́ì róbọ́ọ̀tì tó ń di mọ́tò, náà sọ fún mi pé àwọn kan wà lára wọn tí ike wọn ní àwọ̀ góòlù, pé ike yẹn máa ń gbẹ, á máa wó fúnra ẹ̀ bíi bísíkíìtì, ì báà má kúrò nínú páálí láti ilé iṣẹ́. Ẹ ó ra sealed, èyí tí wọn ò ṣí rí, lówó ńlá, ẹ ó wá bá ẹ̀rún nínú ẹ̀.

Èmi náà ti kọ́gbọ́n. Mo ra Happy Holidays Barbie mẹ́fà nílé ìyá àgbà kan tó kú, gbogbo ẹ̀ sealed, tàwọn ọdún 1990s. Èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn ní 1988 ṣì ń rówó díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti 1990s yẹn, Mattel tó ń ṣe Barbie tẹ̀ wọ́n bí ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìyàwó ilé Amẹ́ríkà ló sì tọ́jú tiẹ̀ fọ́jọ́ iwájú. Mo gbé wọn sí gáràjì fọ́dún mẹ́sàn-án, ẹ sì mọ bí ooru Houston ṣe rí. Nígbà tí mo máa wò ó, rọ́bà tí wọ́n fi di irun wọn ti yọ́ mọ́ irun. Mo já gbogbo ẹ̀ fáwọn ọmọ Sunday school. Ẹ ò rí ayọ̀.

Lekan_Eko
Ẹ̀yin àgbà mi, ọdún 1983 tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ẹnì kankan ò tíì máa ronú èmi o 😂 Labubu lèmi mọ̀, ọmọláńgidi onírun eléyín ṣóńṣó tí ilé iṣẹ́ Pop Mart ń tà. Ti Labubu tún wá yàtọ̀ torí pé nígbà míì ṣíṣí ẹ̀ ló ń gbówó ẹ̀ lé e. Pop Mart ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó wà nínú páálí, ẹ ó ṣí páálí, ẹ ó tún já ọ̀rá inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí àwọ̀ tó wà ńbẹ̀. Secret, èyí tó ṣọ̀wọ́n jù, wà nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú 72 ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá já a tẹ́ ẹ bá secret, owó ẹ̀ ti fò lọ sókè lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá èyí tó wọ́pọ̀ ńkọ́, ó ti wálẹ̀ ju ìgbà tó wà ní pípadé lọ, torí ẹni tó ń ra èyí tí wọn ò ṣí, ìrètí ló ń rà, Baba Ìjẹ̀bù ló ń ta. Àǹtí mi kan já mẹ́ta lẹ́sẹ̀ kan náà lórí live, gbogbo ẹ̀ àwọ̀ kan náà, ó pa fóònù láìdágbére.

Ẹ má sì sọ páálí ẹ̀ nù o, sítíkà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni wà lára ẹ̀, Lafufu, ayédèrú Labubu, ti kún ìgboro. Ẹ wo eyín ẹ̀, mẹ́sàn-án ló yẹ kó jẹ́.

Baba_Fadeke
Ha! Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Alẹ́ yìí ni màá wo etí ike yẹn, tí Fádékẹ́ bá ti sùn. Lego yẹn wá ńkọ́? Ṣé bákan náà ni?

Alajapa_Manchester
Lego rọrùn díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, tí ẹyọ ẹ̀ pé, tí ìwé tí wọ́n fi ń tò ó wà, tí páálí ẹ̀ ò ya, ó ṣì ń rí owó gidi, kì í já wálẹ̀ bíi ti ọmọláńgidi. Àwọn èèyàn kéékèèké inú ẹ̀ yẹn, nígbà míì àwọn nìkan gbówó lórí ju gbogbo ìyókù lọ. Àmọ́ èyí tó wà ní sealed ló ń ga, ìyẹn lẹ́yìn tí Lego bá ti dá ṣíṣe ẹ̀ dúró. Kẹ́ ẹ má kàn gbọ́kàn lé e jù. Millennium Falcon ńlá tó jáde ní 2007, nọ́ńbà 10179, $499.99 ni nígbà yẹn, nígbà tí wọ́n dá a dúró sealed ẹ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, àwọn kan wá jókòó tì í wọ́n ní kò tíì tó. Ní 2017 Lego bá gbé tuntun dé, 75192, ẹyọ 7,541, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó tàkọ́kọ́ bá já.

Ẹ tún wá gbọ́ tèmi lórí sealed. Mo ra Lego kan lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mì í ó ń dún ṣaka ṣaka bó ṣe yẹ, mo gbé e lé òṣùwọ̀n ó pé géérégé, létí ẹ̀ kò sí àmì. Mo tà á fún oníbàárà mi. Ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ ni wọ́n ṣí i, níwájú àlejò. Màkàrónì! Màkàrónì gidi, ẹ kàn lè bu ọbẹ̀ lé e. Mo dá owó padà, ojú tì mí, ẹni tó tà á fún mi ti pa àkáǹtì ẹ̀ rẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe pariwo nígbà tẹ́ ẹ mẹ́nu kan gọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin lè máa ṣe é fọ́mọ, ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Omo_Ake
Mo kàn ń kà á ni, ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn. Ère ìbejì tiwa ńkọ́? Àwọn òyìnbó tó ń rà á, èyí tí wọ́n ti wẹ̀ tí wọ́n ti fi osùn pa, tójú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ torí ọwọ́ ìyá tó ń bọ́ ọ láràárọ̀, òun ni wọ́n ń dù. Èyí tó bá mọ́ bíi pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n á ní ti arìnrìn-àjò ni, wọ́n á fojú fò ó. Àwọn kan náà ló máa wá ní ká má fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀ ike.

IyaKemi_Houston
@Omo_Ake ẹ ti sọ ọ́ 😂 Àmọ́ àwọn oníbèjì gbẹ́ tiwọn kí wọ́n lè lò ó ni, wọn ò gbẹ́ ẹ fún títà.

Baba_Fadeke
Mo ti padà dé. Mo gbé e sábẹ́ iná kíṣíìnì. Apá òsì dáa, ó lẹ̀ pẹ́ẹ́. Apá ọ̀tún, bébà ti hó ní ìwọ̀n èékánná, nǹkan kan sì gbẹ síbẹ̀ tó ń dán bí ipa ìgbín. Mo tún wò ó, àáké yẹn ò sí láàyè ẹ̀, ó ti já wálẹ̀ sẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹnì kan ti ṣí i rí! Kò tiẹ̀ dà bí iṣẹ́ oníjìbìtì, ó rí gátagàta bí iṣẹ́ ọmọdé, àfi bíi pé ẹnì kan ti ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kí n tó délùú wọn.

Alajapa_Manchester
Ó parí náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá máa tà á, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ẹ ò sì ní rí ju £20 lọ, iye tẹ́ ẹ ra gbogbo ẹrù báàgì yẹn gan-an. Ẹ fún ọmọ. Kẹ́ ẹ fà á jẹ́jẹ́ o, kẹ́ ẹ tọ́jú páálí yẹn síbi tí kò ní ká, àwọn kan ń ra páálí òfìfo.

Baba_Fadeke
Ó ti gbà á láàárọ̀ yìí. Ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí tábìlì báyìí, dòdò ló ń fi àáké gé. Lego wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn àpò ìrẹsì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí lójúkojú, ẹ má sọ fún un o.