Ẹ̀rọ tó ń fi iná ta iṣan fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ Ìkọ́lé: Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, ẹ kú ojúmọ́ o. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu bàbá mi, apá òsì ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì sì ń wọ́ nílẹ̀ tí wọ́n bá ń rìn. Físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, ní òun fẹ́ máa lo ẹ̀rọ oníná fún wọn, bàbá yarí, wọ́n ní iná NẸ́PÀ kọ́ ló máa pa àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tún rí ọ̀kan tí ò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ká rà á ká máa ṣe é nílé dípò ká máa wọ mọ́tò lọ Adó. Kí lẹ rí sí i?

Físíò Adó: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Bátìrì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yẹn ń lò, á kàn máa ṣe wọ́n bíi kí nǹkan máa rìn lára, iṣan á wá súnkì. Ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́, kì í ṣe apá, bí ìgbà tí transformer àdúgbò jó tí nǹkan kan ò sì ṣe wáyà inú ilé, jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fẹ́ tàn sí i yẹn. Láti 1961 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Liberson àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi irú ẹ̀ gbé ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀. Àmọ́ kí bàbá má kàn jókòó kí ẹ̀rọ máa bá wọn ṣe é o! Bí iná bá ṣe ń wọlé ni káwọn náà máa gbìyànjú láti ṣí ọwọ́, kí wọ́n di kọ́ọ̀bù mú, kí wọ́n tún fi sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni èrè ẹ̀ wà.

Ìyá Ìbejì Ìkéré: Wọ́n ṣe é fún ìyá ọkọ mi, èjìká wọn tó ń yẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì ṣe dáadáa. Ọwọ́ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ là, n ò ní purọ́. Ẹ má sì fa apá yẹn tẹ́ ẹ bá ń gbé wọn dìde o, àwọn àlejò tó ń ṣojú àánú ló máa ń fà á jù.

Ọmọ Ìkọ́lé: Ẹ ṣé gan-an mà. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?

Físíò Adó: Èyí tí wọ́n ń pè ní TENS ni ọ̀pọ̀ ẹ̀, ìrora ni wọ́n fi ń dín kù, wọn ò ṣe é fún títa iṣan bíi ti físíò. Ẹ ní sùúrù ná. Ṣé kò sí pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé, láyà bàbá? Wárápá ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń mọ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan apá yẹn? Torí ẹni tára ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan, iná lè jó o láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí físíò fi ibi tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ hàn yín kẹ́ ẹ tó ronú ti ilé.

Ọmọ Ìkọ́lé: Pacemaker ò sí, wárápá ò sí, wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n lára. Màá ní kí físíò kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ èmi lápá níṣojú wọn, bóyá ẹ̀rù á tán.