Ta ló kun àwo Meissen yìí: ilé iṣẹ́ ni àbí ayàwòrán ìta?
Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ra àwo tánganran pẹlẹbẹ kan ní ọjà àlòkù ní London. Òdòdó ló kún ojú rẹ̀, àmọ́ kòkòrò pupa kékeré kan dá wà lẹ́bàá etí. Nígbà tí mo fi awò wò ó, mo rí ihò bíńtín lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Àbùkù iná ni wọ́n fi kòkòrò náà bò, ìyẹn dá mi lójú.

Idà méjì aláwọ̀ búlúù, àmì Meissen, ilé iṣẹ́ tánganran ti Jámánì, wà nídìí àwo, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nǹkan mímú fa ìlà kan kọjá lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tó lábùkù, tàbí èyí tí wọ́n tà ní funfun láìkùn, tí àwọn ayàwòrán tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà wá kùn níta. Mo ti lọ fi wé ti Victoria and Albert Museum. Òdòdó jọra, síbẹ̀ kò yanjú ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò lára ọ̀dà tàbí wúrà etí rẹ̀ tí màá fi mọ̀ bóyá inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kùn ún, àbí níta?