Màmá mi ní ooru Lọ́ńdọ̀nù ò tó nǹkan. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Abíọ́lá (Peckham)
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ooru o. Ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni màmá mi dé láti Ìbàdàn, ẹni ọdún 73 ni wọ́n. Òkè pátápátá ilé alájà mẹ́fà là ń gbé, fèrèsé yàrá wọn ò ṣí ju ìbú ọwọ́ lọ. Ìta dé dígírì 33 lánàá. Ní agogo méjìlá òru, yàrá wọn ṣì wà ní 30. Mo ní kí wọ́n mu omi, wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n bọ́ ṣọ́ọ̀lù, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ooru wo? Èyí tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tajà nínú ẹ̀ ní Ọjà'ba ńkọ́?" Àmọ́ láàárọ̀ yìí, òòyì kọ́ wọn nídìí síǹkì. Ṣé ooru ibí yàtọ̀ lóòótọ́, àbí èmi ni mò ń ṣojo?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Leeds)
Òòyì yẹn ni kó o mójú tó, àbúrò. Pe dókítà tàbí kẹ́mísìtì lónìí nípa oògùn tó ń mú wọn tọ̀ yẹn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Fa kọ́tìnnì kí oòrùn tó dé fèrèsé, ti fèrèsé nígbà tí ìta bá gbóná ju inú ilé lọ, kó o ṣí i lálẹ́. Fáànù dáa, ṣùgbọ́n tí yàrá bá ti kọjá 35, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni yóò máa fẹ́ sí wọn lára. Aṣọ tútù lọ́rùn, ẹsẹ̀ nínú omi. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, tí ara wọn gbóná janjan, 999 ni kó o pè, má wulẹ̀ bi wá.
Ní 2022, ní England nìkan, àwọn tó ti pé 65 sókè tí wọ́n kú lásìkò ooru fi bí 2,800 lé ní iye tó yẹ kó kú. Àwọn tí èmi fojú ara mi rí ò sí lábẹ́ oòrùn kankan. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí.

Bàbá Tólú (Manchester)
Ẹ dákun, òyìnbó fẹ́ràn ariwo. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé ooru 1976 le gan-an, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ìyípadà ojú ọjọ́.

Dèjì (Reading)
Bàbá Tólú, òótọ́ ni ti 1976, ṣùgbọ́n 35.9 ni ibi tó gbóná jù lọ dé lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2022, Coningsby ní Lincolnshire dé 40.3. Ilẹ̀ yìí ò rí 40 rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn náà ni iná jó ilé àwọn èèyàn ní Wennington, létí Lọ́ńdọ̀nù.
Ohun méjì ló pàdé. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é fún wọn. Afẹ́fẹ́ tó wúwo máa ń wá jókòó lórí ilẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ń fún ara rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ tá a bá sì fún pọ̀ á gbóná. Ẹ fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù náà. Ìkùukùu ò ní lè kóra jọ, oòrùn á máa pa ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tí ilẹ̀ bá tún ti gbẹ, tí kò sí omi tí oòrùn máa fà, ooru nìkan ni yóò kù. Odò afẹ́fẹ́ kan wà tó ń sáré lókè réré, òun ló sábà máa ń gbá ọmọrí yẹn lọ. Tí odò náà bá rìn kọ́lọkọ̀lọ, ọmọrí á jókòó pẹ́. Ní 2022, afẹ́fẹ́ gbígbóná tún ń wọlé láti gúúsù, láti ọ̀nà Sípéènì àti Faransé.
Ìyẹn ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Èyí tó jẹ́ tuntun ni èéfín èédú, epo àti gáàsì, tó ti mú kí gbogbo ayé fi dígírì kan ó lé gbóná ju ti ayé àwọn baba ńlá wa lọ. Ẹ lè ní kí ni dígírì kan? Ẹni tó dúró lórí àpótí ni. Ìfò tí kò lè kan àjà tẹ́lẹ̀, orí ẹ̀ á kàn án báyìí. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò pé àpótí yẹn sọ irú ooru 2022 di ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó kéré tán.

Bàbá Tólú (Manchester)
Ti àpótí yẹn yé mi. Ọ̀gá mi á gbọ́ ọ lọ́la.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)
Abíọ́lá, ka èyí sí Màmá létí. Mà, ẹ kú àjò. Inú òjò lẹ ti kúrò níbí! Suwẹ́tà ni mo wọ̀ lọ sọ́jà lánàá. Láti oṣù kẹrin ni ooru gidi ti fi wá sílẹ̀, ara yín náà ti gbàgbé ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kó tó di agogo meje ààbọ̀ ilẹ̀ ti ṣú. Ní ọ̀hún, oòrùn ṣì wà lókè lágogo mẹ́jọ alẹ́. Fèrèsé tiwa ń gba atẹ́gùn, ilé tiwọn, torí òtútù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, tó bá ti gba ooru sínú, kì í tètè tú u sílẹ̀.
Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa, tiwa náà ti yí. Ṣé ẹ rántí oṣù kejì 2024, nígbà AFCON ní Côte d'Ivoire? Ooru àti ọ̀rinrin pa pọ̀, ó wá rí lára bíi 50. Adìyẹ mọ́kànlá ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan.

Abíọ́lá (Peckham)
Ẹ ṣeun gan-an. Dókítà ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á tún oògùn náà wò lọ́la, omi sì ti di díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sí wọn létí. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni n'Íbàdàn?" Wọ́n sì bọ́ ṣọ́ọ̀lù. Wọ́n ní fóòmù bẹ́ẹ̀dì ló ń gbóná, àwọn fẹ́ tẹ́ ẹní sórí táìsì kíṣíìnì sùn. Ta ló ní ẹní nítòsí?

Alhaji (Camberwell)
Méjì wà nílé wa. Agogo mẹ́jọ ni mò ń bọ̀. Ìwọ ni kó o sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á o, mi ò lè gun àjà mẹ́fà nínú ooru yìí.