Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì àti hẹ́dà fún ọkọ̀ tọ́bò tó ń sá eré ìdíje: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ọmọ Mushin: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gbé tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) sórí 2JZ, ẹ́ńjìnnì Toyota, ti ń pọ̀ sí i, ìbéèrè kan náà lẹ sì máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù: "Ọ̀gá, gásíkẹ́ẹ̀tì wo ló dáa jù?" Èmi kì í dáhùn ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ló ń dí àárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù tó bò ó lórí, torí náà mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló máa bá yín fá ojú búlọ́ọ̀kù kó lè tẹ́jú.

Ẹ gbọ́ ti Lexus GS300 kan tí wọ́n wọ́ wá láti Ṣómólú. 2JZ-GE ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Toyota ṣe láìní tọ́bò, compression rẹ̀ (bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà) jẹ́ 10:1. Ọmọkùnrin tó ni ín ti gbé tọ́bò sí i, eré 402 mítà ló fẹ́ máa fi sá, àmọ́ léraléra ni gásíkẹ́ẹ̀tì ń jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, MLS (gásíkẹ́ẹ̀tì onírin) olówó gọbọi ni, òkè òkun ló ti rà á. Mo ṣí ìdérí ọ́ọ̀lì, ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ funfun, ó sì ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Omi ti wọnú ọ́ọ̀lì.

A tú tọ́ọ̀pù kalẹ̀. Ẹ bá mi wò ó, gásíkẹ́ẹ̀tì ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni! Mo fi èékánná họ ojú búlọ́ọ̀kù, ó ń há mi léèékánná. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ti fi sáńpépà fá a lọ́wọ́, ó wá fi sílíkóònù pupa kun MLS yẹn yíká kó lè "di dáadáa". MLS kò fẹ́ sílíkóònù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò léra wọn, wọ́n tẹ òkè kékeré yí ẹnu sílíńdà ká lára rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún. Rọ́bà yẹn ò nípọn tó láti dí kòtò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi sábà máa ń ní kí ojú irin má rí gbágungbàgun ju 50 Ra lọ; Ra ni ìwọ̀n bí ojú irin ṣe rí gbágungbàgun sí, microinch ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí ọwọ́ bá sì fá, ibi tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ jù ló ń jìn.

Níbi tí wàhálà wà ní Èkó nìyí: tọ́ọ̀pù nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé lọ fún àwọn tó ń fá irin. Búlọ́ọ̀kù wúwo, ẹ gbọ́dọ̀ tú písítìnnì àti ọ̀pá inú rẹ̀ jáde pátápátá, oníbàárà ò sì fẹ́ sanwó ìyẹn. Ó lè ná owó gásíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó bá di owó fífá, á ní kí ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí ẹ̀rọ tó máa fá méjèèjì, ẹ fi MLS sílẹ̀ jàre. Ẹ lo kọ̀ǹpósíìtì gidi (gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe irin nìkan), òun máa ń gba ojú irin tí kò dán púpọ̀, kẹ́ ẹ sì dín boost (agbára tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́) kù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀gbọ́n Mushin, ẹ ò sọ ti bàbà. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì bàbà làwọn ọkọ̀ eré ńlá ní Amẹ́ríkà ń lò, ó bá rà á. Kò gé ojú ihò fún wáyà yípo tó yẹ kó wà ní ẹnu sílíńdà kọ̀ọ̀kan, bàbà pẹrẹsẹ lásán ló tẹ́ sí i. Iná ò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ń sun níbi ẹ̀gbẹ́ hẹ́dà (páìpù tó ń gba èéfín jáde lára tọ́ọ̀pù) láràárọ̀, ọkọ̀ ò tíì kúrò nílé. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ẹ ń wò yẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í tiẹ̀ rọ omi sínú ẹ́ńjìnnì, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo eré wọn. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi ọkọ̀ náà gba Carter Bridge nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárọ̀ Mọ́ńdè, bàbà kì í ṣe tirẹ̀.

Wẹ́dà Òwódé: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti hẹ́dà, òun ni mo fi ń jẹun. Ohun tó ń dán ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n á ṣí àwòrán lórí fóònù, "Ọ̀gá, irú èyí ni o, stainless." Ẹnì kan gbé hẹ́dà 304 (irú stainless kan) tẹ́ẹ́rẹ́ wá bá mi, ibòmíì ni wọ́n ti ṣe é, ó rẹwà lójú. Ó ti sán níbi tí páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti pàdé. Nígbà tí mo gé e wò, inú ojú ìjó ti dúdú, ó ti rí ṣákaṣàka: ẹni tó jó o ò fi gáàsì argon, tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò, sínú páìpù nígbà tó ń jó o. Ibẹ̀ ni sísán ti mú. Pabanbarì rẹ̀, hẹ́dà nìkan ló gbé tọ́bò ńlá yẹn, kò sí irin kankan tó tì í lábẹ́. Pẹ̀lú kòtò ojú títì wa!

304 tún máa ń gùn nínú ooru ju irin lásán lọ. Páìpù 400 mm tí ooru rẹ̀ bá fi 800 °C gòkè, gígùn rẹ̀ á fi ohun tó ju 5 mm lé sí i. Tí flange (irin pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń de hẹ́dà mọ́ tọ́ọ̀pù) gbọọrọ kan bá wá dè é pa láti ihò kìíní dé ìkẹfà, ibo ni kó gùn sí? Èmi máa ń gé flange láàárín ihò sí ihò. 321, irú stainless mìíràn, ló ń fara da iná jù ú lọ, titanium inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ojú ìjó tètè bàjẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani.

Elbow (páìpù tó tẹ̀) onírin Schedule 40, èyí tó nípọn, tí wọ́n ń tà ní Òwódé Onírin ni mo máa ń fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó wúwo, kò yẹ ní àwòrán, ṣùgbọ́n kì í tètè sán. Ẹ̀yin tó wà lápá Island, afẹ́fẹ́ òkun á jẹ́ kó dógùn-ún, ẹ wá ọ̀dà tó gba iná. Ẹ má fi aṣọ ooru wé e o; tójò bá rin ín, ara páìpù ló máa jẹ.

Arábìnrin Sùúrùlérè: Ọ̀gá Wẹ́dà, ẹ ṣeun. Hẹ́dà tèmi ò sán ní tirẹ̀. A ṣètò boost sí 1 bar, tí mo bá ti tẹ ẹ́ ní gear kẹta, á gun 1.4, á ṣì máa lọ. Sípíríǹgì wastegate (fáàfù tó ń darí èéfín tó pọ̀ jù kúrò lọ́dọ̀ tọ́bò) ni wọ́n ń pààrọ̀ ṣáá. Wastegate yẹn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, èéfín gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí padà kó tó rí i wọ̀. Wọ́n gé e, wọ́n jó o padà sí ibi tí èéfín ń kọjú sí gan-an, boost bá jókòó jẹ́ẹ́.

Àbúrò Yaba: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn ò ní yanjú ọ̀rọ̀ compression 10:1 yẹn? Wọ́n ní kí n ra èyí tó nípọn jù.

Ọmọ Mushin: Àbúrò, ó ń dín in kù, kì í ṣe bó o ṣe rò. Sílíńdà 2JZ kan jẹ́ bíi 500 cc. Fi 0.8 mm kún gásíkẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ jẹ́ 87 mm, ààyè tó lé kò tó 5 cc. 10:1 á bọ́ sí nǹkan bí 9.3:1. 2JZ-GTE tí Toyota fi tọ́bò sí, 8.5:1 ni. Yàtọ̀ síyẹn, ààyè láàárín písítìnnì àti tọ́ọ̀pù á fẹ̀ sí i, epo á sì túbọ̀ fẹ́ máa bú láìtọ́ àsìkò. Bíbú yẹn gan-an ló ń já gásíkẹ́ẹ̀tì, pàápàá nínú ooru Èkó àti epo ilé epo wa. Yọ púlọ́ọ̀gì, gbé e sóòrùn, wo ibi funfun rẹ̀: tó o bá rí kínńkínní tó ń dán lára rẹ̀, orí písítìnnì ẹ ló ń ṣí lọ yẹn. Ẹni tó ń túùnù ọkọ̀ ẹ ni kó o lọ bá, kì í ṣe ẹni tó ń ta gásíkẹ́ẹ̀tì.

Tó o bá wá fẹ́ fi sítọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè lókè) rọ́pò bóòtù tó de tọ́ọ̀pù mọ́ búlọ́ọ̀kù, fẹ́ atẹ́gùn sínú gbogbo ihò búlọ́ọ̀kù kó gbẹ. Ọ́ọ̀lì tó bá kù nísàlẹ̀ ihò ò ríbi gbà, ó lè la búlọ́ọ̀kù. Ọwọ́ lásán ni kó o fi dì í wọlé. Nọ́ọ̀tì òkè ló fẹ́ torque wrench (sípánà tó ń wọn bí ìdè ṣe le tó), láti àárín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Tó o bá ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ mi, tú gbogbo inú búlọ́ọ̀kù jáde kó o tó wá, má gbé tọ́ọ̀pù nìkan wá.