Kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì wo ló bá ìrìn mi mu: 120, 140 àbí 170?

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè, èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí mi ti ń fẹjọ́ sùn. Tí mo bá fi wákàtí kan gun orí gbòǹgbò igi, ó di ọjọ́ kejì kí n tó lè tẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Mo wá pinnu pé oníṣọ́ọ̀kì méjì ló kàn, tiwájú tẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo wo fídíò títí ojú mi fi pọ́n. Àwọn kan ní travel 120 mm (ìyẹn bí táyà ṣe lè rìn sókè sódò tó lórí ṣọ́ọ̀kì) ti tó èèyàn, àwọn míì ní tí kò bá ti tó 170, eré ọmọdé ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, mi ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.

Mo wọn 92 kg, mo ga tó 1.83 m. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń jáde, bíi kìlómítà 25 sí 30, òkè pọ̀ níbẹ̀, òkúta àti gbòǹgbò sì pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn gòkè, tí a ó kàn máa sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́ta ni mo ń wò: 120 kan, 140 kan, àti 170 kan tí ẹnìkan fẹ́ tà ní àlòkù. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀dọ̀ 170 ni ọkàn mi wà.

Ẹ̀gbọ́n Ṣéènì

Àbúrò, kí o tó sọ èyí tó wù ọ́, dá mi lóhùn: nínú gbogbo àkókò tí o ń lò lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìṣẹ́jú mélòó gan-an lo fi ń sọ̀ kalẹ̀? Má fọkàn dá a o. Aago ni kó o fi wò ó.

Kòtò tí o fẹ́ kó sí yìí, mo ti wà nínú rẹ̀ rí. Mo ra 170 nítorí pé àwọn tí mò ń bá jáde ń fò láti orí àpáta. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹnu mi ò gba ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n tí a bá ń gòkè, ṣe ni táyà iwájú ń yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n fa òun lókùn. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo tó 16 kg, táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí n tó dé orí òkè, àwọn yòókù ti sinmi tán, wọ́n ti ń de akoto wọn padà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fara dà á kí n tó tà á.

Bí fọ́ọ̀kì, apá tó di táyà iwájú mú, ṣe dà síwájú ló ń fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ti enduro (kẹ̀kẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ líle, bíi 170 yẹn) sábà máa ń wà láàárín dígírì 63 sí 64 àti ààbọ̀, ti trail (kẹ̀kẹ́ ìrìn gbogbo, bíi 140) láàárín 64 sí 66, ti cross-country (kẹ̀kẹ́ eré sísá, tí travel rẹ̀ kéré) lè tó 67 tàbí 68. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni táyà iwájú ń jìnnà sí ọ. Ọkàn ẹ á balẹ̀ tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n tí o bá ń gòkè lọ́nà tóóró tó ń yí kọ́nà, oúnjẹ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Jagun Òkè

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Àwọn 170 ìsinsìnyí kì í ṣe ti ìgbà tẹ́ ẹ ra tiyín. Wọ́n ti gbé ìjókòó síwájú, òpó ìjókòó ti nàró tó dígírì 77 tàbí 78, nítorí náà ẹsẹ̀ èèyàn wà lókè pẹ́dàlì gan-an tó bá ń gòkè. Kò yára, mo gbà, ṣùgbọ́n ó ń dé ibẹ̀. Tí èèyàn bá sì ṣi ojú ọ̀nà yàn láàárín òkúta, 170 á dárí jì í. 120 kì í dárí ji ẹnikẹ́ni.

92 kg kì í sì í ṣe ẹyẹ. Ẹni tó bá tẹ̀wọ̀n báyìí, kó wá férémù tó le, bíréèkì onípísítínì mẹ́rin, àti ròtọ̀ (àwo irin tí bíréèkì ń fún mú) 200 mm níwájú. Ara enduro lo ti máa ń bá ìyẹn láìwá a.

Ẹlẹ́rẹ̀

Ta ló ní 120 jẹ́ eré ọmọdé? Ní Olympics London 2012, orí oníṣọ́ọ̀kì méjì cross-country, táyà ínǹṣì 29, ni Jaroslav Kulhavý wà nígbà tó gba wúrà. Travel rẹ̀ kò tó 120 yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ni.

Jagun Òkè

Ẹlẹ́rẹ̀, ṣé Kulhavý ni ìbàdí ń dùn ni? 😄

Ìyá Olókè

Jagun, o ti tún dé.

Àbúrò mi, èmi ń sọ tèmi láti ibòmíràn. Mo ga ní 1.58 m, 54 kg ni mo wọ̀n. Ọdún méjì ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ tí gbogbo èèyàn ní ó dára, tí èmi ò sì gbádùn rẹ̀ rárá. Èmi ni mo rò pé mi ò mọ̀ ọ́n gùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tó wúwo jù mí lọ dáadáa ni wọ́n ṣe ṣọ́ọ̀kì yẹn fún. Kò rì fún mi rárá. 150 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, mo sì ń lo bíi 90. Kí ni mo fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Nítorí náà, má jẹ́ kí nọ́ńbà travel gba gbogbo ojú rẹ. Reach ni kó o wò, ìyẹn bí iwájú férémù ṣe gùn tó láti ọ̀gangan pẹ́dàlì títí dé orí fọ́ọ̀kì. Òun lo máa mọ̀ lára nígbà tí o bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì. Kì í ṣe lẹ́tà M tàbí L tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, torí L ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ M ibòmíràn. Wọn èyí tí o ń gùn báyìí, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o fi wé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rí i dájú pẹ̀lú pé òpó ìjókòó tó ń wọlé tó ń jáde, dropper, ní àyè láti wọlé tán. Àwọn kan máa ń gbàgbé ìyẹn, wọ́n á wá máa fi ìdí gbá ìjókòó ní gbogbo gẹ̀rẹ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Ṣéènì, mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Sátidé tó kọjá, mo fi aago wò ó: wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Mo fi ìṣẹ́jú 110 gòkè. Mo fi 50 gun ibi tó tẹ́jú tàbí tó kàn ń rú díẹ̀díẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ tí mo ń torí rẹ̀ pariwo láti ọjọ́ yìí, ìṣẹ́jú 30 péré. Ojú tì mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n 170 yẹn, àlòkù ni, owó rẹ̀ sì wọlé. Kí ni mo lè yẹ̀ wò lára rẹ̀?

Alátùn-únṣe

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ní kí n má dá sí i. Ọ̀rọ̀ àlòkù ló fà mí jáde.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí o bá dé ibẹ̀, má tíì gùn ún. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ọwọ́ kan di ìjókòó mú, kó o rọra gbé e sókè bí ìka kan, kí táyà ẹ̀yìn má tíì kúrò nílẹ̀. Fi ìka ọwọ́ kejì kan oríkèé tó so apá ẹ̀yìn mọ́ férémù. Tí o bá gbọ́ “kọ́”, tàbí tí ìka rẹ mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí eyín bá ń mì, bẹ́árìn ti jẹ tàbí ihò ibi tí bóòtù ṣọ́ọ̀kì ń gbà ti fẹ̀. Gbogbo oríkèé ni kó o ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí kẹ̀kẹ́ kan, bẹ́árìn lè tó mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pípààrọ̀ wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan fún ẹni tí kò ní irinṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, wo ọ̀pá tó ń dán lára fọ́ọ̀kì àti ti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Fi èékánná gbà á láti òkè délẹ̀. Tí èékánná bá kọ́, ó ti ya, ibẹ̀ ni ọ́ìlì á máa gbà jáde. Bi oníkẹ̀kẹ́ léèrè ìgbà tí wọ́n ti tú ṣọ́ọ̀kì kẹ́yìn. Abẹ́ fọ́ọ̀kì àti ilé afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn máa ń fẹ́ ìtọ́jú ní bíi wákàtí 50 tí wọ́n bá gùn ún. Inú rẹ̀ pátápátá, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Tí ó bá dáhùn pé “kò tíì ní ìṣòro rí”, ohun tó ń sọ ni pé kò tú u rí. Oníbàárà mi kan gbé irú ẹ̀ wá. Nígbà tí mo tú fọ́ọ̀kì yẹn, omi tó dà bí ẹrẹ̀ ló ṣẹ́ jáde, ọ́ìlì kò tó ṣíbí kan.

Ní ti ìjà yín lórí travel, ẹ̀yin méjèèjì ni mo gbè lẹ́yìn, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ yín nínú. Ẹni tó bá ń fi ìṣẹ́jú 110 gòkè, tó tún jẹ́ pé ìbàdí ló ń dùn ún, kò nílò 170, kò sì yẹ kó sún mọ́ cross-country tí wọ́n mú le nítorí ìdíje. Láàárín 130 sí 150 ni kó wà. Jagun sòótọ́ nípa bíréèkì, ṣùgbọ́n bíréèkì ṣeé pààrọ̀. Dígírì férémù kò rọrùn láti pààrọ̀.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: tí o bá lọ dán wọn wò, mú pọ́ǹpù ṣọ́ọ̀kì dání. Kì í ṣe pọ́ǹpù táyà o. Afẹ́fẹ́ tí ẹni tó gùn ún ṣáájú rẹ fi sílẹ̀, ti 65 kg lè ni. Fa rọ́bà kékeré tó wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì wá sí ìdí, jókòó lé e pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ láìjanra, sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó o wo ibi tí rọ́bà dúró. Ìyẹn ni sag, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe rì tó lábẹ́ ìwọ̀n rẹ. Tí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ bá ń rìn 55 mm, ìpín 30 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 16 àti ààbọ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni kó dúró sí.

Jagun Òkè

Ọ̀gá, ẹ mà ti gba ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé wọn gòkè ńkọ́?

Alátùn-únṣe

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún? Kó yá kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Tí férémù ẹlòmíràn bá fọ́ lábẹ́ 92 kg, mi ò sí níbẹ̀. 😄

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ káalẹ́ o. Mo ti dé.

Mo kọ́kọ́ lọ wo 170. Mo gbé ìjókòó sókè bẹ́ẹ̀. Kọ́. Mo tún gbé e. Kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́, mo kọrí sílé.

120 yára o, mi ò tíì gun òkè yẹn kíá bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi gbòǹgbò, ìbàdí mi dá a mọ̀. Ó dára ju tèmi lọ, kò kàn jọ ohun tí mo wá.

Mo wá gun 140. Ìdájí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ọkàn mi bàjẹ́. Bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ pẹ́dàlì ló ń tẹrí ba fún mi. Mo fẹ́ dá a padà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pọ́ǹpù tó wà nínú àpò mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fa rọ́bà, mo jókòó, mo wò ó: 21 mm. Mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, ìpín 38 nínú 100 ti 55 mm yẹn ni. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí kò tó mi ni mo jókòó lé.

Mo fún un ní afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, mo ń jókòó mo ń dìde, àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ìgbà kẹrin, ó dúró sí 16. Mo gun òkè kan náà, kò tẹrí ba mọ́. Mo gba orí gbòǹgbò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rántí pé mo ní ìbàdí.

Reach rẹ̀ fi 15 mm gùn ju tèmi lọ, Ìyá Olókè, dropper sì wọlé tán. Mo ti sanwó. Ẹ̀gbọ́n Alátùn-únṣe, ìbéèrè kan ló kù: nọ́ọ̀bù pupa tó wà lábẹ́ fọ́ọ̀kì yẹn, mélòó ni kí n yí i?

Alátùn-únṣe

Bí fọ́ọ̀kì ṣe ń yára dìde padà ló ń darí. Yí i tì pátá sí ọwọ́ tó ń jẹ́ kí ó falẹ̀, kó o máa kà á bọ̀ ní “kẹ́-kẹ́” kọ̀ọ̀kan títí o ó fi dé àárín. Gùn ún ní Sátidé bẹ́ẹ̀. Tí táyà iwájú bá ń ta ọ́ nù lórí gbòǹgbò, dá a padà ní kẹ́ méjì sí ọwọ́ tó ń falẹ̀. Tí ọwọ́ bá sì ń dùn ọ́, tí fọ́ọ̀kì ń rì tí kò tètè dìde, fún un ní méjì sí i ní ọwọ́ tó ń yára. Kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí o ń gbé kẹ̀kẹ́ sí.

Jagun Òkè

Ku oríire o. Ta ló fẹ́ ra oníṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ?